Fíìmù Tó Fúyẹ́ Kì Í Ṣe Fíìmù Yẹpẹrẹ

Bí ẹ bá ń fetí gbọ́ ètò yìí, ẹ ó máa gbọ́ ariwo ọ̀nà lẹ́yìn ohùn mi. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ ń kà á, ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀. Challenge la wà. Àwọn onímáíkírà ń pe Mọ́lẹ́tẹ̀, wọ́n ń pe Ring Road, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa náà sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. A ti ti fèrèsé, a ti fi tìmùtìmù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ibi tí agbára wa mọ nìyẹn.

Gbèsè ni mo fẹ́ san lónìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Agbowó, a gba ohùn wa sílẹ̀ lórí fóònù, a sì fi ìṣẹ́jú 40 gbáko bú fíìmù kan. A sín òṣèré obìnrin inú rẹ̀ jẹ, a sín ọkùnrin tó ṣe olólùfẹ́ rẹ̀ jẹ, a fi orin wọn ṣẹ̀sín. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pín in káàkiri lórí WhatsApp, orí wa sì wú. Orúkọ fíìmù náà ni Namaste Wahala.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùgbọ́ wa kan fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ètò àtijọ́ yẹn ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì wà lọ́kàn òun: "Ṣé fíìmù yẹn kò dára ni, àbí inú ń bí yín pé kì í ṣe irú fíìmù tí ẹ fẹ́ wò?" Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èsì mi rèé. Màá sọ ohun tí irú fíìmù báyìí wá ṣe, màá sọ ìdí tí ohùn àwọn òǹwòran kò fi í ṣọ̀kan nípa rẹ̀, màá sọ ibi tí èyí kùnà sí lójú tèmi, màá sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ ìyá mi tó mú kí n yí ohùn padà.

Fíìmù wo là ń sọ?

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Hamisha Daryani Ahuja ló darí rẹ̀, òun náà ló ṣe olóòtú rẹ̀, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tó máa darí. Ìran Íńdíà ni obìnrin yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ilé oúnjẹ ló ń ṣe kó tó kó wọ inú iṣẹ́ fíìmù. Wọ́n ti múra láti gbé e lọ sí sinimá ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Àrùn Kòrónà dé, gbogbo sinimá tìlẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2021, ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, Netflix gbé e jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, pé sinimá ni wọ́n ṣe é fún, orí fóònù wa ló wá balẹ̀ sí. Màá padà síbẹ̀.

Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Didi, ọmọbìnrin tó jẹ́ lọ́yà, ń sáré ìdárayá ní etíkun ní Èkó. Ini Dima-Okojie ló ṣe é. Raj, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, náà ń sáré bọ̀. Ruslaan Mumtaz, òṣèré láti Íńdíà, ló ṣe ìyẹn. Wọ́n kọlu ara wọn gbà! Ojú pàdé ojú, orin bẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà tí orúkọ fíìmù náà ti dárúkọ tẹ́lẹ̀ dé. Bàbá Didi, ìyẹn Richard Mofe-Damijo, kò fẹ́ gbọ́ ọkọ ará Íńdíà sétí. Ìyá Raj náà ti Íńdíà dé, kò fẹ́ rí ìyàwó tí kì í ṣe ọmọ Íńdíà. Joke Silva ni ìyá Didi. Broda Shaggi wà níbẹ̀, M.I Abaga wà níbẹ̀. Namaste, kíkí ni lédè Híńdì. Ní ti wàhálà, kò sẹ́ni tí mo máa túmọ̀ ìyẹn fún ní Ìbàdàn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ etíkun?

Àwa tí a wà ní Ìbàdàn kò ní òkun. A ní odò Ẹlẹ́yẹlé, a ní Aséjirẹ́, omi ẹ̀rọ la sì fi ń rántí wọn, kì í ṣe ìfẹ́. Bí a bá fẹ́ rí òkun, a ó wọ mọ́tò ní gáréèjì, a ó fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí a ó fi dé Èkó. Ìdí nìyẹn tí etíkun inú fíìmù fi máa ń dà bí ilẹ̀ òkèèrè lójú wa.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù ìfẹ́ alápanilẹ́rìn-ín máa sá lọ síbẹ̀ jinlẹ̀ ju ẹwà omi lọ. Ẹ rò ó wò. Láyé àtijọ́, bí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin kan fẹ́, alárinà á wà láàárín wọn, àwọn òbí á ṣe ìwádìí: ọmọ ta ni? Ìlú wo ni wọ́n ti wá? Àìsàn wo ló wà nínú ẹbí wọn? Títí dòní, àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ló ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Etíkun ni ibì kan tí kò sẹ́ni tó máa béèrè wọn. Bàbá kò sí níbẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Aṣọ eré ìdárayá kò sọ ẹni tó lówó yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Èèyàn méjì kàn pàdé bí èèyàn méjì.

Ẹ wo àwọn fíìmù irú rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ọgbọ́n kan náà ni. 50 First Dates ti ọdún 2004, ní Hawaii ni. Mamma Mia! ti ọdún 2008, ní erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì ni. Anyone But You ti ọdún 2023, ní Sydney nílẹ̀ Ọsirélíà ni. Wọ́n kó àwọn olólùfẹ́ lọ síbi tí iyanrìn àti oòrùn wà kí ọkàn wọn lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹnu àwọn ẹlòmíì tó dá sí i.

Nínú Namaste Wahala, ìyanrìn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, pálọ̀ ló sì fẹ́ parí rẹ̀. Etíkun sọ fún wọn pé, "Ẹ lè fẹ́ra yín." Pálọ̀ wá béèrè pé, "Ta ló fún yín láṣẹ?" Àárín ibi méjèèjì yẹn ni gbogbo ẹ̀rín inú fíìmù náà ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tèmi kan kún un. Ibi tó rọrùn láti wò kì í fìgbà gbogbo rọrùn láti yà. Afẹ́fẹ́ etíkun àti máíkì, ọ̀tá ara wọn ni. Bí ìgbì ṣe ń bú, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lu máíkì, ọ̀pọ̀ ìgbà làwọn òṣèré máa ń padà lọ sínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ láti tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Ẹni tó ń wò kò ní mọ̀, á kàn rò pé ẹnu òṣèré náà le. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ohùn fúnra mi ni mo ti dín bí mo ṣe ń fi ẹnu òṣèré ṣẹ̀sín kù.

Àdéhùn tó wà láàárín fíìmù àti òǹwòran

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí a fi kan fíìmù yìí ní Agbowó lọ́jọ́ náà ni pé a ti mọ bó ṣe máa parí láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. A sọ ọ́ bí ẹni tó mú olè.

Ọmọdé ni wá nígbà náà. Ta ni kò mọ bí àlọ́ Ìjàpá ṣe máa ń parí? Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni wọ́n pa á fún wa. A mọ̀ pé Ìjàpá á jalè, a mọ̀ pé ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ a jókòó, a sì ń gbe orin. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá àgbà pé, "Mà, mo ti mọ òpin rẹ̀." Bó ṣe máa dé òpin yẹn ló mú wa jókòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù ìfẹ́ tó fúyẹ́ rí. Kò ṣe ìlérí pé òun máa yà ọ́ lẹ́nu. Ìlérí mẹ́ta ló ṣe. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò ní fara pa débi tí ẹ̀rín ò fi ní lè padà sí ẹnu. Ìkejì, ohun tó dí ọ̀nà àwọn olólùfẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ̀rín lè ṣí kúrò, bí agídí òbí, irọ́ kékeré, tàbí ìgbéraga. Ìkẹta, a gbọ́dọ̀ gbà pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn lóòótọ́. Bí fíìmù bá mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ì báà má ṣí ọ lójú sí nǹkan kan.

Mo wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Namaste Wahala. Ó yege nínú ìkejì: agídí òbí ni wàhálà rẹ̀, gbogbo wa la sì mọ agídí òbí. Ìkẹta kò dúró dáadáa. Àwọn méjèèjì rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí wọn lẹ́nu kò jẹ́ kí n mọ ohun tí ọ̀kan rí lára èkejì ju pé wọ́n kọlu ara wọn.

Àkọ́kọ́ ló fọ́ pátápátá. Láàárín ẹ̀rín àti ijó, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ọkùnrin olówó kan hùwà ìkà sí wọlé. Didi fẹ́ gbèjà rẹ̀ nílé ẹjọ́, iléeṣẹ́ bàbá rẹ̀ sì wà ní ìhà kejì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn sọ ni. Àmọ́ ẹ kò lè gbé òkú wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ, kẹ́ ẹ ní kí onílù má dákẹ́. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò rí àyè tó tọ́ sí i, ẹ̀rín náà kò sì mọ ibi tó máa fara sí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ nípa fíìmù náà nígbà tó jáde fa èyí yọ, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wa ní fíìmù náà kò dára nítorí pé ó fúyẹ́. Èmi wá rí i pé ibi tó kùnà jù ni ibi tí kò ti gbà kí òun fúyẹ́.

Kí ló dé tí ohùn wa kò fi ṣọ̀kan?

Nígbà tó jáde, ariwo sọ lórí Twitter. Ẹlòmíì ní òun kò lè wò ó parí, ẹlòmíì ní òun ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi rò nígbà náà pé ẹgbẹ́ kan gbọ́n, ẹgbẹ́ kejì kò gbọ́n. Ó wá hàn sí mi lẹ́yìn náà pé ibi tí kálukú jókòó sí ló yàtọ̀.

Àwa ọ̀dọ́ orí Twitter, àsíá la gbé dání. Ọdún kan péré ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kejì ọdún 2020, ni Netflix kéde pé òun ti dé Nàìjíríà ní kíkún. Lionheart ti Genevieve Nnaji ti ṣí ọ̀nà ṣáájú. Gbogbo fíìmù wa tó bá wá bọ́ síbẹ̀, ńṣe là ń wò ó bí ẹni ń wo Super Eagles: ojú ayé ń wò wá, ẹ má dójú tì wá o! Fíìmù tó kàn fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìtìjú tó ń ṣe wá la fi ń bínú sí i.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tó ti mọ fíìmù Íńdíà tẹ́lẹ̀. Ní Kánò àti lókè Ọya, láti ìgbà àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń wò ó. Orin àti ijó inú fíìmù Háúsá fi í hàn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, láti ọdún 2015 tí Zee World ti dé orí DStv, ẹ bi àwọn ìyá wa léèrè. Lójú wọn, bí olólùfẹ́ bá dá ọ̀rọ̀ dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, kò sóhun tó ṣe é. Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Ohun tí a fi ṣẹ̀sín ní Agbowó ni ohun tí wọ́n ń retí.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n: ẹni tó fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀, ẹni tí òbí rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í pariwo lórí Twitter. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó.

Ẹ wá rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Sinimá ni wọ́n ṣe fíìmù yìí fún. Ẹ̀rín máa ń ran èèyàn. Bí ẹ bá jókòó sí sinimá kan ní Dùgbẹ̀, tí obìnrin kan níwájú bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn àwàdà fún ẹ̀rín gbogbo ilé. Ẹ wá gbé e sórí fóònù, kẹ́ ẹ máa dá wò ó lóru pẹ̀lú gbohùngbohùn létí, kẹ́ ẹ máa dá a dúró láti fèsì WhatsApp, kẹ́ ẹ parí rẹ̀ nínú máíkírà lọ́jọ́ kejì. Àyè tó yẹ kí ẹ̀rín kún á ṣófo sílẹ̀. A ó wá ní eré náà ń falẹ̀.

Bí mo ṣe wò ó nìyẹn lọ́dún 2021: èmi nìkan, lórí ibùsùn, pẹ̀lú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ àṣìṣe wọn sílẹ̀.

Pálọ̀ ìyá mi

Ní ìparí ọdún 2022, mo tún wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fẹ́ ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ Tiv láti ìpínlẹ̀ Benue. Ọdún kẹta nìyẹn tí wọ́n ti jọ ń bọ̀. Ìyá mi kò sọ pé rárá. Ohun tó ń ṣe le ju rárá lọ. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọkùnrin náà, á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná, ìkòkò ì báà wà lórí iná tàbí kó má sí. Àwọn àbúrò bàbá mi ti dá sí i. Pásítọ̀ ti dá sí i. Gbogbo ìpàdé ló ń parí sí "a ó máa fi àdúrà sí i." Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rù. Èmi ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún nígbà tó bá rò pé mo ti sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n múná dé. Owó DStv ti tán, ìyá mi sì ń wá eré Íńdíà rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tí ò ń gbé kọ̀ǹpútà kiri, ṣé kò sí ti Íńdíà kankan nínú ẹ̀ ni?" Namaste Wahala ló wà níbẹ̀. Mo ti fi dátà òru gbé e sílẹ̀ torí mo fẹ́ tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjọ́ olólùfẹ́ tó ń bọ̀. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn ní etíkun, ìyá mi ní, "Àwọn méjèèjì ò wo iwájú." Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó ń mi orí. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ yẹn, ó mú fóònù rẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n mú èyí wá síbí fún?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín: ìyá mi tí kò ka nǹkan kan nípa fíìmù rí sọ ohun táwọn akọ̀wé sọ.

Ìyá Raj wá bẹ̀rẹ̀ sí í fín imú sí Didi. Inú bí ìyá mi. Ó jókòó dáadáa. Ó ní, "Kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún un? Ọmọ tó mọ̀wé, tó lẹ́wà, tó ń bọ̀wọ̀ fún un! Torí pé kì í ṣe ọmọ ìlú wọn? Obìnrin yìí mà le o!"

Ariwo ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú abọ́ dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó wo ẹnì kejì. Ìyá mi náà ti gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ó dákẹ́ títí orin mìíràn fi dé. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Àwọn Tiv yẹn, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń jẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Iyán ni, Mà."

"Iyán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Iyán ni oúnjẹ wọn jù. Iṣu ló pọ̀ jù ní ọ̀dọ̀ wọn."

Ìyá mi ní, "Hùn-ún." Ó ní kí n gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ láàárín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún dárúkọ ọkùnrin náà nílé wa, ìyá mi kò dìde. Kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ohun tí fífúyẹ́ lè ṣe

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Odidi ọ̀rọ̀ ni pásítọ̀ àti àwọn àbúrò bàbá mi ń sọ. Bí wọ́n bá ti la ẹnu, ìyá mi ti mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, á ti ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀. Ká ní fíìmù tó wúwo nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni mo gbé sí i, á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, á ní òun fẹ́ lọ sùn. Fíìmù yìí kò bá a wí. Ó kàn gbé obìnrin àjèjì kan síwájú rẹ̀ kó lè máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá ẹjọ́ náà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní Ìbàdàn níbí, níbi tí tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, ojú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, pẹ̀lú àwọn Aláwàdà rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń fi eré sọ ìtàn àwọn ọba àti akọni, òun ń wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti awò ojú ńlá. Síbẹ̀, ẹ wo Ọ̀run Mooru ti ọdún 1982: ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò àti bí ayé ṣe le fún tálákà ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Àwọn òǹwòran sì mọ ìwúlò rẹ̀ ju bí a ṣe ń rò lọ. The Wedding Party tí Kemi Adétiba darí, tó wọ sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, kò sọ ju ìgbéyàwó ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá lọ, pẹ̀lú àwọn òbí tí kò gba ti ara wọn. Owó tó pa lé ní 450 mílíọ̀nù náírà. Anyone But You tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, owó tó kọ́kọ́ pa kò pọ̀ rárá. Àwọn ọ̀dọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò lórí TikTok bí wọ́n ṣe ń jó jáde láti sinimá, ẹnu sì ń ran ẹnu, títí owó rẹ̀ káàkiri ayé fi kọjá 200 mílíọ̀nù dọ́là. Owó kì í ṣe ẹ̀rí pé fíìmù dára o. Ohun tó ń fi hàn ni pé àwọn èèyàn ń wá ibi tí wọ́n ti máa sinmi, wọ́n sì ń fẹ́ jókòó pọ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó bú u

Nítorí náà, fún olùgbọ́ wa tó fi ohùn ránṣẹ́: ẹ ṣeun. Èsì mi nìyí. Fíìmù náà ní àbùkù, mo sì ti ka àwọn tí mo rí. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí a bú lọ́jọ́ náà kì í ṣe àbùkù. A bú ọbẹ̀ ewédú pé kì í ṣe ẹ̀fọ́ rírò.

Nígbà mìíràn tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa fíìmù tó fúyẹ́ lórí ètò yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni màá kọ́kọ́ bi ara mi. Kí ni fíìmù yìí ṣèlérí, ṣé ó sì mú un ṣẹ? Ta ló ṣe é fún, ṣé èmi ni? Ibo ni mo ti wò ó, àti pẹ̀lú ta ni? Bí mo bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán tó ṣì ń bí mi nínú, màá bú u, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀.

A kò ní pa ètò Agbowó yẹn rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ kí ẹ lè máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. A kàn ti so èyí mọ́ ọn nídìí ni.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹ wá fíìmù ìfẹ́ kan tí ẹ ti bú rí. Ẹ má dá a wò. Ẹ pe ẹnì kan tó dàgbà jù yín lọ, ẹ jọ jókòó, kẹ́ ẹ gbé fóònù jìnnà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kẹ́ ẹ sọ ibi tó ti rẹ́rìn-ín tí ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín.

Láti Challenge níbí, níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa kò tíì sinmi, ó dìgbà kan ná o.